Ta Ló Kọ Orúkọ Sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìrànwọ́ Ilẹ̀ Òkèèrè Lẹ́yìn Àjálù

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin Mágàjí tí ẹ wà níjòókòó, ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin alásàlátù tí ẹ fi aṣọ funfun bo gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lórí ìdúró torí pé àga kò kárí: àsàláámù àlékúmù. Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa tó jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ kú ìjókòó o.

Alága ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrànwọ́ tí àwọn ilẹ̀ òkèèrè máa ń kó lọ fún orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ nígbà tí àjálù bá já lù ú. Ó ní kí n má pẹ́. N ò ní pẹ́, bí jẹnẹrétọ̀ bá gbà fún wa.

Ẹni tó bá ń rò ó lọ́kàn pé kí ló kan Ìlọrin nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó rántí Mókwà. Láti ibi yìí, ẹ gba Bódé Sáàdú, ẹ dé Jẹ́bà, ẹ sọdá odò Ọya, kò pẹ́ tí ẹ ó fi dé ibẹ̀. Àwọn alájàpá wa mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ ojúde ilé rẹ̀. Òjò tó rọ̀ ní òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún ọdún 2025 gbé odindi àdúgbò lọ ní Mókwà. Òkú tí wọ́n kà lé ní 150, àwọn tí wọn ò sì rí mọ́ kò kéré. Ṣáájú ìyẹn, omíyalé ọdún 2012 pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó lé mílíọ̀nù méjì ènìyàn jáde nílé. Ti ọdún 2022 pa ju 600 lọ. Àwọn ará Pàtígì àti Edù mọ ohun tí odò Ọya lè ṣe. Àwa tí a ń gbé létí odò Àsà, lọ́wọ́ Àmílẹ́gbẹ́ lọ́hùn-ún, a mọ̀ ọ́n níwọ̀nba. Nítorí náà, ọjọ́ tí òyìnbó á di ẹrù sínú bàlúù fún wa lè máà jìnnà. Mo fẹ́ kí a mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí bàlúù náà bá balẹ̀ sí ìgbà tí ẹrù rẹ̀ dé ọwọ́ opó.

Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú iṣẹ́ wa, kí ẹrù pọ̀ kì í jọ wá lójú. Ohun tí a máa ń bèèrè ni pé: ta ló ní kí wọ́n kó o wá? Ta ló máa fọwọ́ sí i nígbà tó bá ń jáde? Bí ẹrù bá wọlé tí a ò mọ ẹni tó bèèrè rẹ̀, wàhálà ló wọlé yẹn. Ojú yẹn ni mo fi wo ọ̀rọ̀ ìrànwọ́, mi ò ní òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Haiti, orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú kan ní òdìkejì òkun, nítòsí Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ wa wà lára àwọn ènìyàn yẹn. Wọ́n ṣì ń bọ Ògún níbẹ̀ títí di òní, Ogou ni wọ́n ń pè é. (Ẹ̀yin ààfáà, ẹ má fajú ro, ìtàn ni mò ń sọ.) Ọdún 1804 ni wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ Faransé pẹ̀lú ogun. Ní ọdún 1825, ọkọ̀ ojú omi ogun Faransé padà dé èbúté wọn, wọ́n ní kí wọ́n san 150 mílíọ̀nù fúránkì owó ìtánràn fún àwọn tó ń kó wọn lẹ́rú tẹ́lẹ̀. Wọ́n dín in kù sí 90 mílíọ̀nù nígbà tó yá, ṣùgbọ́n Haiti ní láti yáwó kó tó lè san án, gbèsè tó sì ti ibẹ̀ yọ kò tán nílẹ̀ títí di ọdún 1947. Bí ẹ bá ń gbọ́ pé Haiti ni òtòṣì jùlọ ní apá ibẹ̀ yẹn, ẹ fi èyí sí i.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ 7.0, ìtòsí ìlú Léogâne ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jìnnà sí Port-au-Prince tó jẹ́ olú-ìlú. Ààfin ààrẹ wó. Ilé-iṣẹ́ àwọn mínísítà wó. Ilé tí àjọ UN, ìyẹn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fi ṣe ibùjókòó wó pa ọ̀gá wọn mọ́ ibẹ̀. Iye òkú kò dọ́gba lẹ́nu ẹnikẹ́ni: àwọn kan ní 100,000, ìjọba Haiti ní ó lé ní 300,000. Orílẹ̀-èdè tí kò bá lè ka òkú rẹ̀, ẹ wo bí yóò ṣe ka àpò ìrẹsì.

Gbogbo ayé dáwó. Ọmọ iléèwé dáwó, eléré bọ́ọ̀lù dáwó. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí, ààrẹ Senegal nígbà náà, Abdoulaye Wade, ní kí ará Haiti tó bá fẹ́ padà wálé máa bọ̀, òun á fún un ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú owó tí wọ́n fi ṣe ìrànwọ́ pàjáwìrì yẹn, èyí tó gba ọwọ́ ìjọba Haiti kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ó ní ìjọba wọn ń jalè. Ó ṣeé ṣe, n ò bá yín jiyàn. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó jẹ́ ti ọmọ Haiti fúnra wọn ńkọ́? Àwọn náà kò rí nǹkan gidi gbà. Àjọ ilẹ̀ òkèèrè ló ń gbà á, tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè mìíràn, ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ń yọ tirẹ̀ kúrò fún ọ́fíìsì, fún mọ́tò, fún ilé tí òṣìṣẹ́ ń sùn.

Àwọn ìpàdé tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ wà nínú ọgbà àjọ UN lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nílùú tó jẹ́ pé Kiriyó, èdè àbínibí wọn, ni ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, tí Faransé sì jẹ́ èdè ìwé. Ẹ gbé e wá sílé. Agbo ilé yín wó. Mágàjí yín mọ ibi tí kànga wà, ó mọ arọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó mọ ọmọ tí kò ní ìyá mọ́. Ó wọ agbádá rẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ agbo ilé rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ní, "Bàbá, káàdì yín dà?" Ó padà sílé. Ẹni tó ní káàdì kò mọ kànga.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọn ò ti gbọ́ nípa àrùn yẹn ní Haiti. Àgọ́ àwọn sójà àlàáfíà UN tó wá láti Nepal, lọ́wọ́ Mirebalais, ni ìgbọ̀nsẹ̀ ti ṣàn wọ omi tó ń lọ bá odò Artibonite, odò tí àwọn ènìyàn ń mu, tí wọ́n fi ń bomi rin oko. Nǹkan bí 800,000 ènìyàn ló ṣàìsàn, àwọn tó kú súnmọ́ 10,000. Àjọ UN kò gbà pé ọwọ́ òun ló ti wá títí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù kejìlá ọdún 2016 ni Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà wọn, tó tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ ilé tún wà níbẹ̀. Àjọ Red Cross ti Amẹ́ríkà rí owó tó súnmọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn tó ṣàánú Haiti. Ní ọdún 2015, àwọn akọ̀ròyìn ProPublica àti NPR tú iṣẹ́ wọn wò, wọ́n ní ilé tó máa tọ́jọ́ tí àjọ náà kọ́ kò ju mẹ́fà lọ. Àjọ náà fèsì pé àwọn fi owó náà tún ilé ṣe, àwọn fi sanwó ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn sì fi ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi kò sọ pé ẹnikẹ́ni jí owó. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀ràn ilẹ̀ ló dè wọ́n lọ́wọ́, wọn ò mọ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n kò sí nínú ìpàdé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìrẹsì, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tà á lọ́jà Ìpata. Láyé ọjọ́un, ìrẹsì tí Haiti ń gbìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn jẹ. Àfonífojì odò Artibonite yẹn náà ni wọ́n ti ń gbìn ín. Nínú àwọn ọdún 1990 ni wọ́n fi ọ̀ranyàn gé owó ẹnubodè orí ìrẹsì òkèèrè wálẹ̀ sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìrẹsì Amẹ́ríkà, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ran àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbìn, bo ọjà. Àwọn ará Haiti sọ ọ́ ní "diri Miami", ìrẹsì Miami. Àgbẹ̀ Artibonite kò rí tà mọ́, ó kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Port-au-Prince lọ wáṣẹ́, wọ́n kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù tí kò ní irin lára òkè. Ilé wọ̀nyẹn ló wó lù wọ́n ní ọdún 2010. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún kó ìrẹsì ọ̀fẹ́ dé! Ní oṣù kẹta ọdún náà, ààrẹ wọn, René Préval, ní kí wọ́n dá oúnjẹ ọ̀fẹ́ dúró díẹ̀díẹ̀ kí àgbẹ̀ òun lè rí tà. Nínú oṣù kan náà, Bill Clinton, ẹni tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n gé owó ẹnubodè yẹn, jókòó níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ní ètò ìrẹsì yẹn lè ti ṣe àwọn àgbẹ̀ òun ní Arkansas lóore, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ fún Haiti. Bí omi bá gba ìrẹsì Pàtígì àti Lafiagi lọ lọ́dún kan, tí ẹ rí tírélà ìrẹsì ọ̀fẹ́ ní ọdún kejì nígbà tí àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ wá dípò owó kò fara sin. Láti ọdún 1954 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin tó ní ilẹ̀ wọn ni kí wọ́n ti ra púpọ̀ nínú oúnjẹ ìrànwọ́, wọ́n sì tún ní òfin tó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àsíá wọn ni kó gbé ó kéré tán ìdajì rẹ̀. Nítorí náà àgbẹ̀ wọn jẹ, ọlọ́kọ̀ wọn jẹ, kí ẹni tébi ń pa tó jẹ. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o, USAID, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025. Ẹni tó bá fojú sí ọ̀nà ibẹ̀ nìkan, kó yáa wá ibòmíràn wò.

Ẹ̀yin ààfáà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nínú Súrà Bákárà, Ọlọ́run ní kí ẹni tó gbàgbọ́ má fi ìrègún àti ìpalára ba sàárà rẹ̀ jẹ́. Ìrègún ayé òde òní, kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á ní kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú gbé àpò sáyà kó rẹ́rìn-ín, kí orúkọ ẹgbẹ́ tó wà lára àpò má bàa fara sin. Àwọn olóṣèlú tiwa náà ti kọ́ ọ, wọ́n tilẹ̀ ti gba ipò kìíní nínú rẹ̀.

Ìpalára wà nínú ẹrù tí kò wúlò. Lẹ́yìn ìgbà tí òkun ya wọ ilẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, tó pa ju 220,000 ènìyàn lọ láti Indonesia títí dé ilẹ̀ Somalia, nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù oògùn ni wọ́n kó lọ sí Aceh, ìpínlẹ̀ kan ní Indonesia, fún àwọn ènìyàn tí kò tó mílíọ̀nù méjì. Nọ́ọ̀sì á ṣí páálí, á yí ìgò síwá sẹ́yìn, kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́, òmíràn sì jẹ́ ti àìsàn tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1996 ni àjọ ìlera àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn tí a bá fi tọrẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọdún kan lára kó tó bàjẹ́. Aṣọ àlòkù náà kò gbẹ́yìn. Àwa mọ òkìrìkà, a mọ bó ṣe ń dé. Ṣùgbọ́n òkìrìkà tiwa, ẹni tó máa rà á ló ń ṣà á. Ti àjálù, kóòtù òtútù ni wọ́n ń kó lọ fún ẹni tó wà nínú oòrùn, ẹni tí ilé rẹ̀ wó ló sì máa wá ibi tí yóò dà á sí.

Ní Aceh kan náà ni mo ti rí ohun tó wù mí. Mùsùlùmí bíi tiwa ni wọ́n, òkun pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, mọ́ṣáláṣí ńlá Baiturrahman sì dúró láàárín àwókù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, ìjọba Indonesia dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àtúnkọ́ nìkan, BRR ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi Kuntoro Mangkusubroto ṣe olórí rẹ̀. Banda Aceh gan-an ló jókòó sí, kò jókòó sí Jakarta. Àjọ òkèèrè tó bá fẹ́ kọ́lé ní láti wá kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀: ilé mélòó, abúlé wo. Omi ti gbé ìwé ilẹ̀ lọ, nítorí náà àwọn ará abúlé tó ṣẹ́kù jọ fẹsẹ̀ tọ ààlà: ti lágbájá parí síbí, ti làkásègbè bẹ̀rẹ̀ níbí, ọmọ òrukàn náà ní tirẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Nígbà tí BRR fi máa kógbá sílé ní ọdún 2009, ilé tí wọ́n ti kọ́ lé ní 140,000. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Kọngílá kan sá, ilé mìíràn la kí wọ́n tó kó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi 140,000 wé mẹ́fà ti Red Cross ní Haiti.

Ti owó yíyá, kíákíá ni mo máa kọjá níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí rédíò bá pè ní ìrànwọ́ ni ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìjì Idai tó wó ìlú Beira ní Mozambique ní oṣù kẹta ọdún 2019, IMF, àjọ tó ń yá àwọn ìjọba lówó, fún wọn ní 118 mílíọ̀nù dọ́là, owó tí wọ́n á san padà ni, gbèsè sì ti wà lọ́rùn wọn tẹ́lẹ̀. Ní Pakistan, lẹ́yìn omíyalé ọdún 2022, àwọn olówó ayé péjọ ní Geneva ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣèlérí ju bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là lọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Owó yíyá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni mo dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ìlú kan wà lọ́nà Òmù-Àrán, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ bá ìjì wá, ó ká òrùlé bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Páànù ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú pákó àti ìṣó. Ohun tó kọ́kọ́ dé ni búláńkẹ́ẹ̀tì àti indómì. Páànù dé nígbà tí òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pín in. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú ìwé dání ń pe orúkọ, orúkọ tó wà lára káàdì ìdìbò ni. Ó pe orúkọ obìnrin kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó fa ìlà sí i. Obìnrin náà wà ní ìdí igi mángòrò níwájú rẹ̀, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá Elélùbọ́ ni gbogbo ìlú ń pè é láti ìgbà tó ti dé ilé ọkọ, etí rẹ̀ sì ti di, kò gbọ́ orúkọ àbísọ tí ọmọkùnrin yẹn ń pè. Nígbà tí ẹnìkan máa fi fọwọ́ tọ́ ọ, ìdì páànù tirẹ̀ ti wà lórí píkọ́ọ̀pù ẹnìkan tí ilé rẹ̀ wà ní Tanke níbí, tí ìjì kò fẹ́ ewé kan ní àgbàlá rẹ̀. Ọmọ ìlú ló kó o, kì í ṣe òyìnbó.

Àwọn kan ní owó ni kí wọ́n máa pín tààrà. Mo fara mọ́ ọn, bí ọjà bá ṣì ń ná. Lẹ́yìn ìjì Haiyan ní Philippines, oṣù kọkànlá ọdún 2013, ẹgbẹ́ Tzu Chi láti Taiwan dé Tacloban, wọ́n ní kí ará ìlú jáde wá kó àwókù àdúgbò ara wọn, wọ́n sì ń san 500 pésò fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Títì mọ́, ẹni tó ń ta ẹja padà sídìí ẹja. Ẹni tó gba owó mọ̀ bóyá páànù ló kù ún tàbí owó iléèwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí omi bá gbé ọjà lọ, kí ni ènìyàn fẹ́ fi owó rà? Omi tó mọ́, oúnjẹ àti tẹ́ńtì ni kó kọ́kọ́ dé nígbà yẹn, kí owó tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì ra ohun tó bá ṣeé rà ní tòsí ní tòsí.

Nítorí náà, ohun tí mo wá bẹ ẹgbẹ́ yìí fún nìyí. Kí Mágàjí kọ̀ọ̀kan ní ìwé agbo ilé, kí Alángùá náà ní tirẹ̀ ní abúlé. Kí a kọ orúkọ inú káàdì, kí a kọ orúkọ tí àdúgbò ń pe onítọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ènìyàn mélòó ló ń sùn nínú ilé náà, ta ni arúgbó, ta ni kò ríran, ta ni aboyún, nọ́ńbà fóònù, àti ti ọmọ tó lè gba owó fún un nídìí POS bí kò bá ní báńkì. Kí ìwé náà jẹ́ méjì: ọ̀kan lọ́dọ̀ Mágàjí, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, kí omi má bàa gbé méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí a máa kà á sókè lẹ́yìn Jímọ̀ kan lọ́dún, kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà kà á ní ọjọ́ ìsinmi, kí ẹni tí a gbàgbé lè pariwo, kí ẹni tó ń gbé Tanke lè dákẹ́. Àwọn alásàlátù ni mo fẹ́ kó kọ ọ́, torí pé àwọn ló ń wọ yàrá. Ọkùnrin máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní olóṣèlú máa gba ìwé náà lọ́wọ́ wa fi wá ìbò. Wọ́n á gbìyànjú rẹ̀ dájúdájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a máa kà á ní gbangba: ìwé tí gbogbo ìlú ti gbọ́ kì í ṣeé yí lóru. Bí àjọ òkèèrè kan bá dé lọ́la, ìwé yìí ni kí a kọ́kọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó mú tiwọn jáde. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lò ó, kí a bi wọ́n ní gbangba pé orúkọ ta ló wà nínú tiwọn.

Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ra ìwé náà. Akápò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó kí òjò tó dé. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́ sókè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.